Òòfà àti Àkọ́bí Ògbómọ̀ṣọ́

Òórùn wáyà gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí lábò, yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Bouaké, òun àti eruku ọyẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àárín òòfà ńlá méjì ni mo máa ń ki bísímọ̀tì bọ̀, irin ẹlẹgẹ́ kan tó tínrín bí ewé, tí iná díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí òòfà bá ti mú un, irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí iná lọ́nà, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á sì yí. Bó ṣe yí tó ni mo ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ooru tí iná ń mú wá náà máa ń yí abẹ́rẹ́, nítorí náà iṣẹ́ sùúrù ni: o tan iná, o wò ó kíá, o pa á, o jẹ́ kí irin tutù kí o tó tún un ṣe. Ọ̀gá wa ti ní èmi lòun máa gbà bí olùrànlọ́wọ́ lábò, nítorí ọwọ́ mi balẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ láyé nígbà náà.

Ayé sì le, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Owó Sééfà ti já wálẹ̀, gbogbo ẹnu ló ń bèèrè ta lọmọ onílẹ̀ gan-an, ta làlejò. Lọ́jọ́ tí aláṣẹ ìjọba kan ti Àbíjàn wá wo iṣẹ́ wa, wọ́n pe àwọn òbí. Bàbá mi ti ìsọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ ní ọjà Grand Marché, ó wọ agbádá wá, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́.

"Irin yìí ń bẹ̀rù òòfà bí ẹni tó rí ọlọ́pàá jàndámù," ló fi Dioula, èdè ọjà ibẹ̀, sọ.

Aláṣẹ náà rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá Anago," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, "ọmọ yín mọṣẹ́. Bouaké níbí lẹ bí i sí?"

"Rárá o. Àkọ́bí mi ni. Ìyá rẹ̀ gbé oyún rẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa kì í bí àkọ́bí sẹ́yìn odi."

Iyì ló rò pé òun ń bù fún mi. Láàárín tiwa, ọmọ tí a bí sílé, ta ló lè pè é lọ́mọ tó sọnù? Ẹ̀rín aláṣẹ tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá mi ń wo ilẹ̀.

Ọmọ kíláàsì mi kan ni wọ́n fún nípò náà. "Kò sí lọ́wọ́ mi, ọmọ mi, ẹni tí a bí sí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ní kí n gbà," ni ọ̀gá wí, ó sì bẹ̀ mí kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń jẹ́ kí irin tutù. Mo kọ́ ọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ gan-an. Èmi ríṣẹ́ mìíràn, tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Béoumi. Bàbá mi ni kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó máa ń ki ìlú wa fún oníbàárà tó wá ra ìṣó lásán, bí àjèjì bá bi í níbo ló ti wá, á ní, "Ọjà ni mo ti ń bọ̀," á sì máa to àgádágodo rẹ̀ lọ.