Òjé Inú Ìgò Tó Yẹ Kó Mọ́

Ọmọbìnrin tá a jọ ń yẹ omi wò ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Uwasota kì í fọwọ́ kan ìgò láì kọ́kọ́ bọ́ òrùka rẹ̀ sójú fèrèsé. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí omi fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. Mo ti wà níbẹ̀ kó tó dé, síbẹ̀ òun ni ọ̀gá ń gbé àyẹ̀wò òjé fún: "Na her hand clean pass." Ojú rẹ̀ rẹwà láì lé tìróò. Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò wá síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, a bá òjé nínú ìgò omi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà nínú ẹ̀, èyí tá a fi ń dán ẹ̀rọ wò.

"Òun ló fọ̀ ọ́," ni mo yára sọ. Ọ̀gá ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, ọmọbìnrin náà wo ojú mi, ó wo ìka tí mo fi dé ìgò náà. Tìróò ti kùn ún dúdú. Mo mọ̀ pé òjé wà nínú tìróò.

Ó na áńkáṣíìfù sí mi. "Àǹtí, ẹ nu ọwọ́ yín, ká tún un ṣe."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò tíì lè dárí ẹ̀ jì í nìyẹn.