Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Ọmọ Mi Ní Gbọ́mọgbọ́mọ Ní Òkè-Àfà

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń yẹ àmù omi kan wò lẹ́yìn ilé kan ní Òkè-Àfà, nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti òpópó kejì: "Gbọ́mọgbọ́mọ! Ẹ dì í mú o!" Mo kọ́kọ́ gbàdúrà fún ẹni náà, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Lásìkò yẹn, ìròyìn ọmọ tó sọnù gba Èkó kan, wọn kì í sì í bi ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn yìí kàn léèrè ọ̀rọ̀ kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé òpópó kejì yẹn ni Ṣadé ọmọ mi sọ pé òun ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fi àmù sílẹ̀, mo sáré.

Wolé-wolé ni mí nígbà náà. Ìjọba gbà mí lẹ́yìn tí mo jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Iṣẹ́ wa ni kí a máa wọ ilé onílé, kí a yẹ ṣalángá, gọ́tà àti àmù omi wò. Tanwíji là ń wá nínú àmù, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jó nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Ẹni tí a bá bá tanwíji nílé rẹ̀ lè gba sámáńsì, kó lọ rojọ́ ní kóòtù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí kákí wa lókèèrè, wọ́n á ti máa da omi nù. Owó epo ti dé, ilé-iṣẹ́ aṣọ ń ṣí ní Ìsọlọ̀, àwọn ènìyàn ń ti Ìkìrun, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ rọ́ wọlé, wọ́n ń kọ́ ilé kí ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí iṣẹ́ wọ́n wa.

Ṣadé wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Sosiọ́lọ́jì ló ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé. Oyè tó ń lé ni wọ́n ń pè ní ọ́nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìdánwò nìkan ni wọ́n fi ń gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ ṣe ìwádìí tirẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ bí àwọn tó ń háyà yàrá ṣe ń tọ́ ọmọ nílùú tí wọn kò ní ẹbí sí. Mo ní kó wá èyí tó lè kà nínú ìwé dípò kó jáde.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn ènìyàn náà ò sí nínú láíbìrárì."

"Nígbà náà, màá máa tẹ̀ lé ọ lọ."

"Pẹ̀lú kákí yín? Ta ló máa dá mi lóhùn?"

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo dé òpópó kejì, wọ́n ti yí Ṣadé ká ní iwájú ilé kan. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, gèlè rẹ̀ ti bọ́. Birikilà kan tó ń mọ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mú pákó dání. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràṣákì gbá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń pariwo:

"Ó ní mélòó ni mo bí! Ó ní mélòó ló kú! Ó ní ibo ni wọ́n máa ń wà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́! Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Mo mọ àwọn ìbéèrè yẹn. Mo ti rí wọn lórí tábìlì nílé mi, níbi tí wọ́n ti jẹ́ ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ lásán. Lẹ́nu Ìyá Ràṣákì, ète olè ni wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Ọmọ mi ni!" mo kígbe. "Ẹ dákun, ọmọ mi ni!"

Birikilà wo kákí mi láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan? Wolé-wolé ló rán an! Omi wa ò tó wọn mọ́, ó ti kan ọmọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Ẹnì kan fa ọrùn ẹ̀wù mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi tí mo wá gbà á sílẹ̀ ti dá kún ọ̀ràn rẹ̀.

Onílé ló jáde síta, Alhaja Ṣìfáwù, ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì. Kò pariwo rárá.

"Gbé pákó yẹn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò ní ta sí ojúlé mi lónìí." Ó yíjú sí mi. "Wolé-wolé, ẹ ní ọmọ yín ni? Ẹ wá."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé. "Kí ni oríkì rẹ̀? Ta ló sọ ọ́?"

Mo ní Àbẹ̀kẹ́ ni, ìyá mi ló sọ ọ́, ní Ìkìrun.

"Tí ìyá yín bá ń kì í láàárọ̀, báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un.

"Ẹ dúró síbí. Ẹ ò gbọdọ̀ húkọ́."

Mo dúró lẹ́yìn ògiri. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí Ṣadé wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kì í mọ́ nínú ilé wa. Ṣadé lèmi ń pè é. Mísì ni wọ́n ń pè é ní yunifásítì. Mo gbọ́ tí Alhaja bi í ní ohun kan náà tó bi mí. N kò gbọ́ èsì. Alhaja tún bi í. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Ẹ ò rí i pé kò mọ̀ ọ́n!" Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mi, torí oríkì náà ti fẹ́ bọ́ jáde lẹ́nu èmi fúnra mi.

Nígbà náà ni ohùn kan jáde, tín-ín-rín: "Àbẹ̀kẹ́…" Ó sì ń bá a lọ, pẹ̀lú ohùn Ìkìrun, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń sọ ọ́, ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ ibì kan tí èmi fò.

"Wọ́n bí i," Alhaja wí fún èrò. "Ó ní ilé. Ẹ máa lọ." Ó wá fà á dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò sọ fún ọ ní yunifásítì pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Wọ́n sọ ọ́, mà. Ó wà nínú ìwé wa. Mo rò pé ti àwọn ìyá àgbà ni."

"Àwa ìyá àgbà náà la wà níbí o!"

Nílé, mo ní ó ti parí. "Kọ nǹkan mìíràn. Tí wọn ò bá fún ọ ní ọ́nọ́ọ̀sì, wọn á fún ọ ní èyí tó kéré sí i. Ọmọ tó wà láàyè ni mo fẹ́."

"Bàbá, tí mi ò bá padà, gbọ́mọgbọ́mọ tó sá lọ ni wọ́n máa pè mí. Ilé wọn lẹ sì ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kí ni wọ́n máa pe ẹ̀yin?"

Mo bọ́ kákí mi, mo fi í kọ́ ara ògiri.

Ó padà lọ. Alhaja kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń béèrè: kó má ṣe bi ẹnikẹ́ni pé mélòó, kó bi í pé ta ni àkọ́bí, ta ló tẹ̀ lé e. Ìyá ọmọ yóò máa fi ayọ̀ dárúkọ wọn lọ. Níbi tó bá ti mí kanlẹ̀, a jẹ́ pé èyí tó kú ló kàn, kó má ṣe bi í síwájú.

Èmi náà wá iṣẹ́ sí òpópó yẹn lọ́jọ́ tó padà lọ. Láti ẹ̀yìn ọgbà ilé kejì, mo rí Ṣadé lórí àpótí, ó ń kọ ohun tí Ìyá Ràṣákì ń sọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ràṣákì dìde, ó na ọmọ ọwọ́ náà sí i: "Bá mi gbé e, kí n pọn omi." Kò pẹ́ tó lọ tí ọmọ náà bú sẹ́kún. Birikilà yí orí padà lórí ògiri tó ń mọ. Àwọn obìnrin tó wà nídìí ààrò yí padà. Mo ń wí nínú ara mi pé, gbé e fún un padà, Àbẹ̀kẹ́, gbé e padà kíá.

Ìyá Ràṣákì kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú kànga. "Ṣadé, pọ̀n ọ́n jàre! Oorun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Ó pọ̀n ọ́n. Ó ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró, ó sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ. Birikilà padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ìwádìí tó ń kọ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ni wọ́n fi fún un ní ọ́nọ́ọ̀sì nígbà tó yá. Lọ́jọ́ yẹn ṣá, n kò ro ti oyè. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà títí orí ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó sùn, kí n tó lọ sí ilé tó kàn.