Ta Ló Ń Wọn Ayé Mi?

Kí a tó kúrò nílé ní Ìyànsàn ni èmi àti àkọ́bí mi obìnrin ti fẹnu kò: ohun tí wọ́n bá sọ nílé ìwòsàn ojú ní Òkìtìpupa ni a ó tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ní ayé mi ṣì dára, n ó máa gbé abúlé mi, n ó máa ṣe pupuru mi. Bí wọ́n bá ní kò dára, n ó palẹ̀ ẹrù mọ́, n ó tẹ̀ lé e lọ sí Àkúrẹ́, n ó lọ máa jókòó sórí àga onítìmùtìmù bí ọmọ tuntun. Mo gbà nítorí ó dá mi lójú pé n ó borí.

Gilọkóómà ni wọ́n ń pe àìsàn tó wà lójú mi. Kì í dun ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà níwájú mi gan-an ni mo ṣì ń rí. Dókítà kò fi pamọ́ fún mi pé èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn tí mo ń kán sí i kàn ń ṣọ́ èyí tó kù ni. Mo ń kán an. N kì í fi ṣeré.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló pè wá wọ yàrá. Ó ní àwọn fẹ́ mọ bí àìsàn náà ṣe ń da ayé ènìyàn láàmú, àwọn á sì fún un ní máàkì. Ṣé mo lè ka ìwé ìròyìn? Ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú? Ṣé mo lè wa mọ́tò lálẹ́?

Ọmọ mi ló ń bá mi dáhùn. "Wọn ò lè ṣe é. Wọn ò lè ṣe é."

Mọ́tò wo? Ilé wa kò ní àtẹ̀gùn. Ìwé ìròyìn tí mo fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, àkàrà ni wọ́n fi wé. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó mi orí, ó ní máàkì Màmá lọ sílẹ̀ gan-an. Ọmọ mi yíjú sí mi: "Màmá, ẹ ti gbọ́ fúnra yín."

Inú bí mi. Ìkálẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi: "Mé è lọ!" N kò lọ síbì kankan ni mo ń wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí ọ̀hún rè é níwájú yín, ẹ sì ń fá a lọ!"

Ọmọbìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Kí ló yẹ kí n bi yín?"

"Bi mí bí mo bá mọ ìgbà tí pupuru gbẹ lórí àjà." Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róboto, tí a fi èéfín yan, imú la fi ń mọ̀ ọ́n, òórùn rẹ̀ máa ń yí padà. "Bi mí bí mo bá lè ha èèpo dúdú ara rẹ̀ dànù. Ìka mi ló ń ṣe é. Ta ló ń jẹ pupuru mi ní Òde-Ìrèlè tó bá èédú nínú ẹ̀ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò wá sí ohun tó ń ni yín lára rárá ni?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹni tó ní kí wọ́n bi òun kò gbọdọ̀ purọ́.

"Ìkíni ni," mo ní. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, n kì í rí i. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọjá lára àgbà láìkí i ti bú u. Ìyàwó wòlíì wa, àgbàlagbà, gba apá òsì mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, n kò kúnlẹ̀. Kí ìsìn tó parí, wọ́n ti ní owó ọmọ ń gùn mí. Wọ́n tilẹ̀ gbé mi síwájú pẹpẹ, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó lé ẹ̀mí ìgbéraga jáde lára mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun mi, láìwọ bàtà, mo ń ṣe àmín. Ó dùn mí wọra. Ìyẹn ló ń ba ayé mi jẹ́, kì í ṣe mọ́tò.

"Ẹ ò sọ fún mi," ọmọ mi ní.

"O ò bi mí."

Ọmọbìnrin náà ní kò sí àyè tí òun lè kọ ìyẹn sí. Mo ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí ojú tèmi kì í dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó ní ẹ̀rí, mo dìde. Wọ́n ti ń múra halelúyà sílẹ̀ pé ojú mi ti là.

"Ojú mi ò tíì là," mo ní. "Ìgbéraga kọ́ ló ń ṣe mí, ẹ̀gbẹ́ ojú ló kú. Ibi tí kò sí àìsàn lẹ ń gbàdúrà sí. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kó pè mí, n ó kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́ kọjá lọ, òun gan-an ni agbéraga."

Ìyàwó wòlíì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ò fọwọ́ kan ẹrù mi. Ó dúró tì mí níbi tí mo ti ń koná. "Màmá, bó bá wá ṣókùnkùn pátápátá ńkọ́?"

"Wá nígbà náà, kí o wá bi mí."

Ó wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, òun nìkan.