Ìran Tí Bàbá Ti Ṣílẹ̀kùn

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Lámèyítọ́ làwọn ará àdúgbò ń pè é. Ẹnu rẹ̀ ló fà á. Eré kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti ń rá kòrò ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò tíì ṣe é tán dòní. Bí wọ́n bá ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi á kún ní Sátidé. Á gé irun èèyàn dé ìdajì, á dá kílípà dúró, á máa tú eré náà palẹ̀. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó gbé orí rẹ̀ lọ síbòmíì.

Eré yìí náà lòun àtọmọ rẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Alágídí làwọn méjèèjì, ẹ̀bẹ̀ kì í wá sí wọn lẹ́nu. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, á jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Bàbá mi, ṣé ohun tí awakọ̀ yẹn ṣe burú tó bẹ́ẹ̀?" Bí bàbá bá ti ní kò burú, ìjà parí nìyẹn.

Ọmọ dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ìyá ọkọ mi kú, ọmọ wa ò wá sìnkú. Ọkọ mi ní òun ò bí i mọ́. Mo ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ó ní kí ẹkùn máa jẹun lọ. Ọdún ń gorí ọdún.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nínú eré náà, awakọ̀ obìnrin tó ti sá nílé padà wá. Ó kanlẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó dì mọ́ ọn, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, mo ń gbá irun nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù ọkọ mi dún. Ọwọ́ rẹ̀ dí, ló bá tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ọmọ wa ni.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ wo eré àná?"

"Mo wò ó."

"Ìran tí bàbá yẹn ti ṣílẹ̀kùn, báwo lẹ ṣe rí i?"

Mo dá ìgbálẹ̀ dúró, mo wo ọkọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu Lámèyítọ́.

"Ìranù gbáà! Bàbá wo ló ń ṣílẹ̀kùn kíá bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ ò bímọ rí. Ká ní èmi ni, ìta ló máa sùn!"

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ó ti yé mi, Bàbá mi," lọmọ náà wí. Ó pa fóònù.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tó bi yín?"

"Eré ló bi mí," ó ní. Inú rẹ̀ dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń súfèé. "Ọmọ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà."

Ní ọjọ́ Ajé, káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gérun. "Mo rí ọmọ yín níbùdókọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó pọn ọmọ, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé ilé ló ń bọ̀, ó ní rárá, òun ń padà ni."

Ọkọ mi kọjú sí mi. "Eré ni mo ń sọ. Ìwọ náà gbọ́. Eré ni."

Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò kórìíra rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo kórìíra rẹ̀. Mo bi káfíńtà bóyá ọkùnrin lọmọ tí ọmọ wa pọ̀n àbí obìnrin.

Ó ní òun ò rí ojú ẹ̀, wọ́n faṣọ bò ó nítorí oòrùn.