Páì Aláìláta

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bí ọmọ mi kejì ni mo fi tipátipá gba ilé ìdáná mi padà. Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìbàdàn sí ilé wa ní Alief, ní Houston, ní Amẹ́ríkà, láti tọ́jú ìyá àti ọmọ, wọ́n sì ti pàṣẹ pé abiyamọ tuntun kì í dáná. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ń mú ojú ṣomi lálẹ́. Wọ́n ń tọ́jú wa dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n páì ẹran àti ọ̀dùnkún òyìnbó ló ń wù mí jẹ, irú èyí tí wọ́n ń sè ní Bolton, ní England, níbi tí mo ti bí àkọ́bí mi kí a tó kó wá síbí. Kò sì sẹ́ni tó máa dá mi dúró.

Nígbà àkọ́bí yẹn, ẹnikẹ́ni kò wá bá mi. Ìyá mi ti kú. Oṣù kan náà ni àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ ní Humble, níhìn-ín ní Houston, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni ìyá ọkọ mi sì lọ. Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ fara ti tèmi ló gbọ́ ẹkún mi, tó wá kanlẹ̀kùn, tó gbé páì sínú àwo, tó fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń wá. Ó máa ń gbé ọmọ mi bí ẹni gbé ẹyin. Òun ló kọ́ mi ní páì náà: ẹran màlúù, àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún, iyọ̀. Ó parí.

Ọkọ mi ra ẹran sílẹ̀ fún mi, ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì yáa sá lọ síbi iṣẹ́. Mo gé ẹran wẹ́wẹ́, mo gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà títí ó fi rọ̀, mo wá da ọ̀dùnkún sí i kí díẹ̀ nínú rẹ̀ fọ́, kí omi ẹran lè ki. Mo ń fi ìka ra bọ́tà tútù mọ́ ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé.

"Ìyàwó, ata ńkọ́?"

"Kì í gba ata, mà."

"Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni o."

Ọmọ ké, mo lọ fún un lọ́yàn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, inú ìkòkò ti pọ́n roro. Ata gígún ni, àti mágí méjì. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn, inú wọn sì ń dùn.

"Mo ti bá ẹ tún un ṣe."

Inú bí mi gan-an. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, gbígbé mì ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò gbà lọ́nà ọ̀fun mi. Mo kúnlẹ̀, torí pé wọ́n kọ́ mi nílé, mo dìde, mo sì gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ṣé, mà. A máa fi èyí jẹ ìrẹsì. Mo máa se tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo mú ẹran tó kù nínú fíríìjì. Ẹ̀yìn ń dùn mí wọ egungun, mo sì gé e tán.

"Gbogbo wàhálà yìí torí oúnjẹ òyìnbó? Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ?"

"Ìyá tó dúró tì mí nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí, mà. Ìgbà tí ẹ wà ní Humble."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dun wọ́n, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹran kejì rọ̀, mo dà á sínú àwo, mo fi ìyẹ̀fun tí mo ti pò, tí mo tẹ́ pẹrẹsẹ, bò ó, mo dá ihò sí i láàárín, mo tì í sínú ààrò kí iná yan án. Nígbà tó yá, òkè rẹ̀ pọ́n. Mo gé méjì, mo gbé ọ̀kan síwájú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé òyìnbó yẹn tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ?" Ohùn wọn ti wálẹ̀.

"Kò mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ó wá."