Orogún Rèbékà Tó Ń Mu Pẹtiróòlù

"Èmi ò sọ pé ẹ́ńjìnnì ẹ ò sáré o. Ohun tí mo sọ ni pé kò ṣeé fọkàn tán. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Jákọ́bù ló dáhùn bẹ́ẹ̀, ló bá fi sípánà ọwọ́ ẹ̀ lu pákó bí adájọ́. Ọlọ́rundáre tó bi í ní ìbéèrè jókòó sórí àgbá epo, ó ń họ gírísì kúrò lára apá ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lawrence sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ti mọ̀ pé níbi tí Lawrence bá wà, àríyànjiyàn ibẹ̀ ò ní tètè tán.

Ilé ìkan-ọkọ̀ ní Ayétòrò ni wọ́n wà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń jẹ nínú àpò kan. Ẹja, ti ìlú ni. Ọkọ̀, ti ìlú ni. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ pàápàá, ìlú ló rà á. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé tèmi nìyí, tìẹ nìyẹn. Àmọ́ ká sòótọ́, ọkàn ọmọ èèyàn ò mọ àjọni. Ọkàn Jákọ́bù mọ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì pupa tó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Awóyè. Ọjọ́ tí wọ́n ti tú u nínú àpótí ló ti ń tọ́jú ẹ̀. Á fọ̀ ọ́, á nù ún, á fi òróró pa á lára bí ẹni wẹ ọmọ tuntun tán. Kò sí kọ̀rọ̀ ara ẹ̀ tí ìka Jákọ́bù ò dé.

Rèbékà ìyàwó ẹ̀ ti fún ẹ́ńjìnnì náà lórúkọ. Orogún mi ló ń pè é. "Bàbá Sárà, ṣé orogún mi ti jẹun?" "Bàbá Sárà, ṣé orogún mi ti wẹ̀?" Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ẹ̀rín yẹn. Kí ọkọ ẹ wọlé, kó má bi ọ́ bóyá o jí ire, kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀! Ta ni ò ní jowú?

Ó kù díẹ̀ kí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tuntun dé. Aláró ni, àwọ̀ ẹ̀ dà bí aró, ó ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Ẹni kankan ò ní fa okùn kó tó jí, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Ó ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn. Ọlọ́rundáre ni wọ́n gbé e fún, wọ́n sì fún un ní ọ̀nà Ìgbókọ̀dá pẹ̀lú, ọ̀nà tí Jákọ́bù ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbókọ̀dá kẹ̀! Níbi tí èèyàn ti ń rí ọjà, tó ń rí lọ́ọ̀lì, tó ń gbọ́ ìròyìn kó tó dé etí ará ilé. Owú gé Jákọ́bù lọ́kàn bí akàn ṣe ń gé ìka. Kò sì lè sọ ọ́ síta, torí ìtìjú ni ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń pera wọn ní ọmọ ìyá. Ló bá wọṣọ fún owú náà, ó ń pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

"Ìwọ tẹ bọ́tìnnì, ó ń dún," ó ní. "Tí bátìrì bá wá kú sáàárín omi ńkọ́? Ṣé ìdodo ẹ lo máa tẹ̀?"

Lawrence bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Jákọ́bù," ni Ọlọ́rundáre wí, "òyìnbó tó ṣe tiyín, ẹni tó lápá ló ṣe é fún. Èyí tó ṣe tèmi, ẹni tó lọ́pọlọ ló ṣe é fún."

"Èyí tó ṣe tìẹ ronú. Èyí tó ṣe tèmi ronú tán, ó wá kúnlẹ̀ gbàdúrà sí i."

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin méjèèjì," ni Lawrence wí. Ó ti gbé Èkó rí, torí náà òun ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò, ní ìlú tí kò sí títì tí ọmọlanke lè gbà. "Mọ́tò kan wà l'Ékòó, Ìjàpá ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹ̀yìn ló wà."

"Ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn gan-an. Ẹrù ni wọ́n ń kó síwájú. Kì í sì í mu omi bíi ti àwọn yòókù, afẹ́fẹ́ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára."

Jákọ́bù fò dìde. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọ̀dọ̀ Ìlàjẹ ni òyìnbó yẹn ti lọ kọ́ ọ. Ọkọ̀ wo lẹ rí tó gbé ẹ́ńjìnnì síwájú tó gúnlẹ̀ láyọ̀?"

"Lọ́ọ̀lì tó ń kó ẹja wa ní Ìgbókọ̀dá," ni Ọlọ́rundáre dáhùn. "Iwájú ni tiẹ̀ wà, kò sì rì."

"Orí ilẹ̀ ló wà! Báwo ló ṣe fẹ́ rì?"

"Kó tiẹ̀ rì lẹ́ẹ̀kan, ká rí nǹkan sọ," ni Lawrence wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí ẹnìkan fi húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ọlálẹ́yẹ ni, àgbà ìjọ tí gbogbo ọkọ̀ ìlú wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́.

"Jákọ́bù, ẹ́ńjìnnì pupa yìí, ṣé lóòótọ́ ni kò kọ iṣẹ́ fún ọ rí?"

"Kò kọ̀ rí, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń fa okùn ẹ̀. Òjò o, ọyẹ́ o, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ó dáa ju aláró lọ?"

Jákọ́bù ti ń fojú inú rí èbúté Ìgbókọ̀dá. "Ó dáa jù ú lọ fíìfíì, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Bàbá mi orí. "Ọ̀nà Ìgbókọ̀dá ni aláìsàn wa ń gbà, òun ni ẹja ìlú ń gbà. Ohun tó bá dáa jù ló yẹ kó máa lọ síbẹ̀. Ọlọ́rundáre, tílẹ̀ bá mọ́, pupa ni kí o so mọ́ ọkọ̀ ẹ. Jákọ́bù, ìwọ gbé aláró lọ sí Awóyè. Olúwa á bù sí i." Ó bá yí padà, ó ń lọ lórí afárá pákó, kò wẹ̀yìn.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jákọ́bù jàre, ó sì pàdánù ohun tó torí ẹ̀ jà.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú ẹ̀ dé. Rèbékà di òpó ilé mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fa orogún mi lé ọkọ míì lọ́wọ́! Olúwa, mo dúpẹ́ o!"

Jákọ́bù ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo ìdí ààrò.

"Bàbá Sárà," ni Rèbékà wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Ṣé ẹ ti sọ fún Ọlọ́rundáre ibi tí orogún mi ń sùn?"

"Jẹ́ kó lọ wádìí ẹ̀ fúnra ẹ̀."

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ohun kan ń bẹ lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní púlọ́ọ̀gì, kò ju ìka èèyàn lọ, òun ló ń ṣáná kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Afẹ́fẹ́ òkun ibí yìí ní iyọ̀ nínú, ó sì ń tutù lóru. Tí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì pupa bá ti tutù, ẹ lè fa okùn ẹ̀ títí apá á fi yẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé yìí, Jákọ́bù á tú u, á fi aṣọ wé e, á gbé e wálé, á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti lọ dá a padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi Rèbékà. Ṣé ẹ rí i báyìí pé orogún yẹn kì í ṣe ẹnu lásán? Ilé ló ń sùn! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni Jákọ́bù ò lọ mú un wálé.

Tílẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin ti jókòó sínú ọkọ̀ Ìgbókọ̀dá, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wà lórí itan wọn. Ọlọ́rundáre fa okùn. Kò dún. Ó tún fà á. Ó ní pọ̀ọ́, ó dákẹ́. Jákọ́bù wà nínú ọkọ̀ tiẹ̀ nítòsí, ó ń ṣe bí ẹni ń tú kókó ìdè, àmọ́ kò lọ. Inú ẹ̀ ń dùn, ẹ má wò ó. Pupa ò mọ̀ ọ́n, ó ń sọ nínú ara ẹ̀. Kò fẹ́ ẹ. Èmi ló mọ̀.

Bí Ọlọ́rundáre ṣe ń fà, tí òógùn ń bọ́ lára ẹ̀, Lawrence sọ̀rọ̀ láti èbúté. "Ṣé èyí ni kì í kọ̀? Bọ̀dá Jákọ́bù, ẹ́ńjìnnì yín ń dójú tì yín o!"

"Ẹ so aláró padà fún wa," ni obìnrin kan wí, "kí ẹ ju irin yìí sódò. Ọjà ń tú."

Inú tó ń dùn yẹn bá kúrò. Jákọ́bù ò tíì ro ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé tí pupa bá kọ̀ fún Ọlọ́rundáre, òun tó yìn ín ni irọ́ máa já mọ́ lórí. Èyí tó tiẹ̀ dùn ún jù ni pé wọ́n ń bú u. Wọ́n ń pè é ní irin! Ọlọ́rundáre náà ti bínú, ó gbé ẹ̀yìn sípánà sókè, ó fẹ́ gbá a lórí.

"Má lù ú!"

Jákọ́bù ti fò sínú ọkọ̀ wọn, omi sì ta sáwọn obìnrin lára. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi ẹ̀wù ara ẹ̀ nù ún, ó bá gorí èbúté lọ síbi tí Rèbékà ti ń yan ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú iná lójú gbogbo ìlú. Rèbékà ò fi í ṣẹlẹ́yà. Ó sún ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ kí orogún mi yáná," ó ní.

Nígbà tó dá a padà, ó kúrò nídìí ẹ̀. "Fà á."

Ọlọ́rundáre fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì ké, èéfín bo ojú omi, àwọn obìnrin hó yèè.

"Ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa ń ṣe báyìí?" ni Ọlọ́rundáre bi í.

Jákọ́bù ò wojú ẹ̀. "Má jẹ́ kó sùn síta."

Òun náà lọ sí Awóyè. Ó tẹ bọ́tìnnì, aláró jí wẹ́rẹ́. Ó sáré, kò yọ ọ́ lẹ́nu, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ títí wọ́n fi dé. Ohun tó bí Jákọ́bù nínú gan-an nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí kò nílò ẹnikẹ́ni, báwo lèèyàn ṣe máa fẹ́ràn ẹ̀?

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó síwájú ilé, ó gbọ́ ohùn pupa láti ọ̀nà jíjìn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó jọ pé ohùn náà dùn ju bó ṣe máa ń dùn lọ́wọ́ òun lọ. Ó wò ó títí wọ́n fi so ọkọ̀. Ó rí Ọlọ́rundáre tó ń tú púlọ́ọ̀gì, tó fi aṣọ funfun kan wé e, aṣọ tó mọ́ ju tòun lọ. Ọlọ́rundáre ń bọ̀ lórí afárá. Jákọ́bù dìde, ó nu àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó nawọ́ díẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bọ̀dá. Moríkẹ́ ìyàwó mi ti gbá ìdí ààrò fún un." Ọlọ́rundáre sì kọjá.

Jákọ́bù yára ki ọwọ́ bọ àpò. "Má gbé e sún mọ́ iná jù!"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

"Má sì jẹ́ kí eérú kàn án!"

Ọlọ́rundáre ti yà sí kọ̀rọ̀ ilé ẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni Jákọ́bù ń wò, bí ẹni tí wọ́n mú aya ẹ̀ lọ lójú ẹ̀. Rèbékà yọjú sẹ́nu ọ̀nà, àwo pupuru wà lọ́wọ́ ẹ̀, èéfín ọbẹ̀ ẹja ń rú jáde lẹ́yìn ẹ̀.

"Bàbá Sárà, orogún mi ti rílé ọkọ. Ẹ wọlé wá jẹun."