Òpó Ìlà Pupa

Ọdún kẹta tí mo ń ṣe wolé-wolé ni ọ́fíìsì wa dédé gbọ́n. Kó tó di ìgbà náà, bí omi bá kún lágbègbè Ogun Waterside, ńṣe la máa ń dúró kó gbẹ tán, ká wá gbé fóòmù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ fún àwọn èèyàn, ká sì ya fọ́tò. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa múra sílẹ̀ ṣáájú. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ ọ̀hún ni òpó igi kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n fa ìlà pupa sí lára.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ rì í mọ́lẹ̀ létí omi, ní abúlé kan lẹ́yìn Mákùn-Omi. Bí omi bá ti kan ìlà pupa, kí gbogbo ilé kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè. Ó parí. Síbẹ̀ mo fi wákàtí méjì ṣàlàyé rẹ̀, torí mo kàwé ní yunifásítì, mo sì fẹ́ kó hàn.

Àwọn ará abúlé fẹ́ràn òpó náà ju bó ṣe yẹ lọ. Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má so ọkọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún ń nù ún. Nǹkan ìjọba tí kò tíì bà jẹ́ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá Sàdíà tó ń yan ẹja ló ń gbé nítòsí omi jù. Ọkọ rẹ̀ ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jáde, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e.

Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo dé pẹ̀lú bàtà òjò tuntun àti ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo wo òpó lókèèrè. Omi kò tíì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

“Wolé-wolé, ṣé ká gbé bàbá jáde ni?” Ìyá Sàdíà bi mí. “Àwọn ọkùnrin ti fẹ́ máa lọ sóko.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Òpó ní kò tíì yá.”

“Omi yìí mà ti sún mọ́ ulé o.”

“Ẹ̀rọ ìjọba kì í parọ́, Ìyá.”

Igi tí wọ́n kùn lọ́dà ni mo pè lẹ́rọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu. Níbi tí mo dúró sí tí mo ń kọ ọ́, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n bàtà òjò náà dára gan-an, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, omi ti wọlé. Èmi wà nílé ẹ̀kọ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmúrasílẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ igbe. Àwọn ọkùnrin tó lágbára ti lọ sóko. Èmi, Ìyá Sàdíà àti Baálẹ̀ arúgbó la yọ ilẹ̀kùn, la tẹ́ bàbá lé e lórí. Omi dé àyà mi. Ó ń wọ bàbá létí, bàbá ń wò mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

Bàbá yè é. Nígbà tí a dé orí òkè, mo bi Baálẹ̀ pé kí ló dé tí òpó fi gbẹ.

“A ti gbé e kúrò létí omi látijẹta, a rì í sókè,” ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. “Omi fẹ́ wọ́ ọ lọ. A ò lè jẹ́ kí nǹkan ìjọba bà jẹ́.”

Nínú gbogbo abúlé, òpó nìkan ló rí ẹni gbé e sá fún omi lásìkò. Ọ́fíìsì wa kọ̀wé yìn wá pé ohunkóhun kò ṣe é.

Lọ́dún kejì, òjò ò tíì rọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Sàdíà.

“Ìyá, ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé bàbá.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òpó?”

“Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo wo omi.”

Ó ṣílẹ̀kùn.

“Ó dáa. Wá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú.”

Mo wọlé, mo di ẹsẹ̀ bàbá mú.